Ta Ló Sọ Fún Ọ?

Gbólóhùn kan wà tí irọ́ ń sá pamọ́ sí nílẹ̀ wa. Ẹ ó rí i lókè tàbí nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín: "Bí mo ṣe rí i gbà ni mo ṣe fi ránṣẹ́." Ẹni tó kọ ọ́ rò pé òun ti bọ́ nínú ẹ̀bi. Kò ní òótọ́ ni, kò ní irọ́ ni. Ó ní iṣẹ́ lòun jẹ́. Ó lè jẹ́ pé ewé kan ló ń wo jẹjẹrẹ sàn. Ó lè jẹ́ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ń sọ obìnrin di àgàn, tàbí pé báńkì kan máa dẹnu kọlẹ̀ lọ́la. Ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìdílé, ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìjọ àti ti onílé àdúgbò, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sùn.

Èmi ò gbà pé iṣẹ́ lásán ló jẹ́. Àwọn tó bí wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Làákàyè ni wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ìránṣẹ́: kó wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, kó mọ èyí tó yẹ kó dé etí ẹni tó ń lọ bá, kó sì mọ èyí tó máa tú ilé ká bó bá sọ ọ́ bó ṣe wà. Ìránṣẹ́ tó bá ń sọ pé "bí wọ́n ṣe ní kí n wí ni mo ṣe wí" lẹ́yìn tí ìjà ti bẹ́, ta ni yóò kí i kú iṣẹ́? Irọ́ kì í ṣe nǹkan tuntun. Àhesọ ti wà kí ẹ̀rọ tó dé. Ohun tó bàjẹ́ lójú tèmi ni pé ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ wá kò gbà mọ́ pé ọ̀rọ̀ náà kan òun, àwa tí à ń gbọ́ náà ò sì bi í léèrè mọ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí Oṣù Kẹjọ ọdún 2014. Ebola ti wọ Èkó láti ọjọ́ 20 Oṣù Keje, ojora sì mú gbogbo ènìyàn. Lóru ọjọ́ kan, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri Nàìjíríà. Ìyá ń pe ọmọ tó wà ní yunifásítì, aládùúgbò ń kan ilẹ̀kùn aládùúgbò: ẹ dìde, ẹ po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná, ẹ fi wẹ̀, ẹ mu nínú rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, Ebola kò ní lè mú yín. Àwọn kan ní ọba aládé kan ló sọ ọ́. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ bèèrè ẹni tó sọ ọ́. Kílẹ̀ ó tó mọ́, odindi ìdílé ti jí wẹ omi iyọ̀, tàgbà tèwe. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Ara kì í bá iyọ̀ ṣeré. Àjọ kan náà ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, bíi ṣíbí kékeré kan. Ẹni tó bá wá gbé odindi ife omi iyọ̀ mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ń ru tẹ́lẹ̀ tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára, ewu ńlá ló kó wọ ara rẹ̀. Ẹni tó sì fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn wọn. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ìyá ẹni ni, ẹ̀gbọ́n ẹni ni, ọ̀rẹ́ tí kò lè sùn títí yóò fi mọ̀ pé èèyàn òun ti gbọ́.

Orógbó náà wọ́n ní àsìkò yẹn, torí wọ́n ní òun náà ń wo Ebola. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tilẹ̀ ṣòroó yanjú ju ti iyọ̀ lọ, nítorí òótọ́ wà ní ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu sọ níbi àpérò àwọn onímọ̀ ewéko ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, pé èròjà kan tí wọ́n yọ lára orógbó dá kòkòrò Ebola dúró nínú ìgò àyẹ̀wò. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n èròjà tí wọ́n yọ, tí wọ́n wọ̀n, tí wọ́n dà sínú ìgò, kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú orógbó tí èèyàn rún lẹ́nu. Kí ohun tó ṣiṣẹ́ nínú ìgò tó ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ọ̀nà jìn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í sì í débẹ̀. Kò sí ẹni tó fi hàn pé orógbó jíjẹ wo ẹnikẹ́ni sàn lọ́wọ́ Ebola. Àgbọ́ìgbọ́tán la fi sọ ọ́ di oògùn. Ẹni tó ń gbé e kiri sì lè fi apá tó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀ búra, kí ọkàn rẹ̀ má sì dá a lẹ́bi.

Ní Èkó kan náà, ní ìgbà kan náà, obìnrin kan bèèrè. Patrick Sawyer ti Làìbéríà wọ̀lú, ó ṣubú ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbaléndé. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Nílẹ̀ wa yìí, ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀? Nígbà tí Dókítà Stella Ameyo Adadevoh wò ó, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ibà lọ. Ó bi í bóyá ó ti súnmọ́ ẹni tó ní Ebola. Ọkùnrin náà ní rárá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ebola ló pa arábìnrin rẹ̀ ní Làìbéríà ní kò pẹ́ sígbà náà. Dókítà kò fi ti ẹnu rẹ̀ ṣe. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì ní kò gbọdọ̀ jáde. Àwọn aláṣẹ orílẹ̀-èdè ọkùnrin náà ń pè, wọ́n ń halẹ̀, wọ́n ní kó tú u sílẹ̀ kó lè lọ sí ìpàdé tó torí rẹ̀ wá, tí wọn fẹ́ ṣe ní Calabar. Ó kọ̀. (Ìran Herbert Macaulay tó bá ìjọba òyìnbó fà á ní Èkó ni obìnrin yìí, ìran Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sì ni. Kíkọ̀ kò ṣàjèjì nílé wọn.) Sawyer kú ní ọjọ́ 25 Oṣù Keje. Adadevoh fúnra rẹ̀ kó àrùn náà lára rẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 19 Oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 20 péré ló ní Ebola ní Nàìjíríà, àwọn 8 ló bá a lọ, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 Oṣù Kẹwàá, wọ́n kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Èkó tí èrò inú rẹ̀ kò lóǹkà, tí ọkọ̀ ibẹ̀ ń lọ sí gbogbo ìpínlẹ̀ lóròòwúrọ̀! Bí dókítà yìí bá ti gba ọ̀rọ̀ alárùn náà bó ṣe sọ ọ́, tó kọ̀wé pé kó máa lọ, ta ni ì bá ka òkú wa tán?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í. Àwọn tó ń po iyọ̀ lóru náà lè bèèrè irú rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé àìmọ̀wé ló fà á. Ẹ wo ìyá tó ń ra èlùbọ́ lọ́jà Bódìjà. Yóò bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi ìka rún un, yóò gbóòórùn rẹ̀ bóyá ó ti bu, yóò tọ́ ọ wò bóyá yanrìn wà níbẹ̀. Yóò bi ẹni tó ń tà á pé níbo ló ti wá, ṣé Ṣakí ni àbí Ìgbòho. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, ìsọ̀ kejì ló kàn. Kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọjà wò. Ìyá yìí kan náà àti ọmọ rẹ̀ tó gboyè méjì ní yunifásítì yóò jọ gba ọ̀rọ̀ nípa kíndìnrín wọn lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀ rí, wọn kò sì ní fìka kàn án. Ọgbọ́n tí a fi ń yẹ ọjà wò ṣì wà lọ́wọ́ wa. A kò kà á sí pé ọ̀rọ̀ náà ń náni lówó, ìdí nìyẹn tí a kò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá kan wà ládùúgbò tí mo mọ̀ dáadáa, ó ń ta aṣọ òkè. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Inú ọ̀rá kékeré kan ló ń kó oògùn rẹ̀ sí. Ẹni tó tà á fún un ti fi bírò kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ọ̀kan láàárọ̀, á sì máa so ọ̀rá náà mọ́ etí wírápà kó má baà gbàgbé. Ní ọjọ́ kan, ohùn kan dé sórí fóònù rẹ̀. Ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní dókítà lòun ní Lọ́ńdọ̀nù. Yorùbá rẹ̀ dán, ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí ohùn pásítọ̀. Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ba kíndìnrín àwọn dúdú jẹ́, pé kí wọ́n jáwọ́ ńbẹ̀, kí wọ́n máa mu omi ewé kan fún ọjọ́ 21. Ìyá fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kí àwọn náà lè jàǹfààní. Ọmọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Èyí tó ṣìkejì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ó sì mọ̀ pé òdìkejì ọ̀rọ̀ náà gan-an lòótọ́, pé ẹ̀jẹ̀ ríru tí èèyàn kò tọ́jú ló ń ba kíndìnrín jẹ́. Ó kà á. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ ṣé o, Màámi. Ọlọ́run á túbọ̀ lóra ẹ̀mí yín."

Ìyá tú ọ̀rá náà kúrò létí wírápà. Kò rí ìyàtọ̀ kankan, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, kì í ká ni lọ́wọ́ kò. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó rọrùn láti tan ẹni tó ní in jẹ. Kó tó di pé ọdún yípo, rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń na aṣọ han oníbàárà kò gbé mọ́.

Mo bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn èyí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ìyá mi lójú gbogbo ènìyàn pé irọ́ ni wọ́n ń pa?" Mo mọ ohun tó ń wí, torí bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo bá a jiyàn, mo sì tún ń jà á níyàn níhìn-ín. Èdè wa kún fún ọ̀nà tí ọmọ fi lè tako òbí kí ó má sì rí wọn fín. "Ẹ forí jì mí, Màámi." "Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù yín lọ, mà." "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fi èyí ránṣẹ́ sí yín? Ẹ jẹ́ ká bi dókítà yín kí ẹ tó dá oògùn dúró." Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí ọmọdé là á sọ. Ọ̀wọ̀ tí ń jẹ́ kí a máa wo ìyá ẹni bó ṣe ń rìn lọ sínú kànga, tí a sì ń kí i pé ẹ máa rọra, èmi ò mọ orúkọ tí màá pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n fi kọ́ wa nílé.

Mi ò bá ewé àti egbò jà. Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn baba wa fi ń tọ́jú alárùn ọpọlọ, èròjà kan wà nínú gbòǹgbò rẹ̀ tó ń jẹ́ reserpine, àwọn dókítà òyìnbó náà sì fi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru láti àwọn ọdún 1950. Agbára ewé kò ṣe é jiyàn. Ìdí tó fi gba ìwọ̀n gan-an nìyẹn. Bí reserpine bá pọ̀ jù, ó lè fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè kó ìbànújẹ́ ọkàn bá ẹni tó ń lò ó. Babaláwo àti oníṣègùn tó mọṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, á wo ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ kó tó gún egbò. Èyí tí wọ́n ń fi gbohùngbohùn polówó nínú ọkọ̀ láti Ọ̀jọ́ta dé Mówé, pé ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo ojú, ó ń wo àìrọ́mọbí, ta ni wọ́n wò kí wọ́n tó pò ó? Ẹ yí ìgò náà padà. Nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, òun ni wọ́n ń fi hàn yín. Ẹ ka ọ̀rọ̀ wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ lára ọ̀pọ̀ irú ìgò bẹ́ẹ̀: ó ní NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé oògùn náà ń ṣe wò. Òótọ́ wà lára ìgò, ẹnu olóògùn ni kò sí.

Ẹ má sì gbọ́ mi bí ẹni tó ń ní kí a gba gbogbo ohun tí ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ ńlá bá sọ. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa ọmọ ní Kánò, ilé iṣẹ́ Pfizer kó àwọn ọmọdé 200 jọ láti fi dán oògùn tuntun wò, èyí tó ń jẹ́ Trovan. Ọmọ 11 kú nínú wọn. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ló pa wọ́n. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Ọdún 2009 ni Pfizer tó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú ìjọba Kánò. Nígbà tí àwọn aṣáájú ní Kánò wá ní àwọn kò fẹ́ àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mọ́ ní ọdún 2003, ìfura wọn kò ṣàdédé wá. Ohun tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ìfura náà ló burú: nǹkan bí ọdún kan gbáko ni àjẹsára náà fi dúró, àrùn náà sì ràn láti ibẹ̀ lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tó rọ nígbà náà ti di géńdé báyìí. Ọdún 2020 ni Áfíríkà tó gbàwé ẹ̀rí pé kòkòrò àrùn náà tó jẹ́ ti àdáyébá ti tán nílẹ̀ wa. Ìfura lọ́jọ́ kìíní tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fura, tí kò wádìí, kò yàtọ̀ sí ẹni tó gbà láìwádìí.

Ti 5G kò gba àlàyé púpọ̀. Wọ́n ní òpó rẹ̀ ló ń tan Kòrónà kálẹ̀ ní ọdún 2020. Ní ìgbà yẹn kò sí ẹni tó ń ta 5G ní Nàìjíríà, ìdánwò lásán ni wọ́n ti ṣe ní ìparí ọdún 2019. Ilé iṣẹ́ WhatsApp fúnra rẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń kọjá ààlà: ní Oṣù Kẹrin ọdún 2020, wọ́n ṣe é kí ọ̀rọ̀ tó bá ti ti ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá má lè lọ ju ọ̀dọ̀ ẹnìkan tàbí ẹgbẹ́ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó yẹ kójú tì wá pé ẹ̀rọ ló ń kó wa níjàánu.

Èyí tó ń ká mi lára ni ibi tí gbígbé ọ̀rọ̀ kiri ti di iṣẹ́ tó ń mówó wọlé. Ètò owó kan tí wọ́n ń pè ní MMM ṣèlérí èrè ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, ẹni tó bá mú ẹlòmíràn wọlé sì ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Sergei Mavrodi tó dá a sílẹ̀ ti fi orúkọ kan náà gba àwọn ará Rọ́ṣíà lówó, ó fọ́ mọ́ wọn lórí ní ọdún 1994, ó sì ti ṣẹ̀wọ̀n. Gbogbo rẹ̀ wà lákọsílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2016, MMM ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ọmọ Nàìjíríà nígbà tí ọdún Kérésì ku fẹ́ẹ́rẹ́. A sunkún, a gbàgbé. CBEX dé, ó ní ẹ̀rọ onílàákàyè tí wọ́n ń pè ní AI ni yóò máa bá wa ṣòwò, owó yóò sì di ìlọ́po méjì ní ọjọ́ 30. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kẹrin ọdún 2025, àwọn tí owó wọn há ti ya wọ ọ́fíìsì CBEX ní Ìbàdàn, wọ́n ń ru àga jáde. Àwọn tó mú ìyá wọn wọ̀ ọ́, tó mú ọmọ ìjọ wọn wọ̀ ọ́, ohun tí wọ́n ń sọ nìyí: àwa náà pàdánù. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo rò pé àwọn tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ti rí irú wa rí.

Nígbà mìíràn, ẹ̀mí ni wọ́n fi ń san án. Ní Ìkòròdú ní ọdún 2017, àwọn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọlé pa odindi ìdílé lójú oorun, ẹ̀rù náà kò sì ṣe é bá ẹnikẹ́ni wí. Ní Oṣù Keje, apanilẹ́rìn-ín kan àti àwọn tó bá a rìn bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò. Ẹnìkan ní Badoo ni wọ́n. Wọ́n pa wọ́n. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá ni a ń pè ní àgbà òṣìkà. Àwọn wọ̀nyí, ta ló gbọ́ ẹjọ́ tiwọn rárá?

Ó ku ti ẹni tó bá rí i lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé irọ́ lòun fi ránṣẹ́. Láyé ọjọ́un, ẹni tó bá fọ̀rọ̀ èké kan ẹlòmíràn lára, níwájú àwọn tó gbọ́ ọ ni yóò ti kó o jẹ. Lónìí, a máa ń rọra pa á rẹ́ ni, tàbí kí a jẹ́ kí ẹ kú àárọ̀ àti àdúrà ọjọ́ Ajé bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn tó ti ra ewé, tí wọ́n ti se é, kò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú ẹgbẹ́ ìdílé wa, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ nípa omi gbígbóná àti jẹjẹrẹ. Ọmọbìnrin kan nínú wa pè é lórí fóònù, ó kúnlẹ̀ sí i lọ́rọ̀, ó ṣàlàyé. Lọ́jọ́ kejì, bàbá náà kọ ọ́ sójú gbogbo wa: "Ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ lánàá kì í ṣe òótọ́. Mi ò wádìí rẹ̀. Ẹ má ṣe lò ó, ẹ sì bá mi sọ fún ẹni tí ẹ bá ti fún." Ẹni mẹ́ta ló dáhùn lábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ti fi ránṣẹ́ síwájú, pé àwọn ń padà lọ báyìí láti sọ fún wọn.